Ìkòkò Tí Ìyàwó Mi Dá Kọ́ Lọ́tọ̀

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án,
                                                  Òpópónà Ẹ̀yìn Sọ́mílù.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án.

Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ọmọ-ọmọ rẹ kékeré tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára aṣọ oníbàárà? Ojú rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gba máṣíìnì lọ́wọ́ rẹ, pé ńṣe lo kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí o ń bá àwọn tó ń ránṣọ jà. Iṣẹ́ nìyẹn náà. Ní tèmi, orúnkún mi kò dára, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ń rìn. Eyín tó kù lẹ́nu mi kò tó nǹkan mọ́, mi ò sì wá òmíràn. Àlàáfíà mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí o tó máa ṣe kàyéfì pé ta ló ní ìkọ̀wé tó dára báyìí, Tíṣà ni, ìyàwó Wẹ́dà. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó kọ ọ́ bó bá ṣe jáde lẹ́nu mi. Ó ní òun ti gbọ́. Pálọ̀ tiwọn la jókòó sí, nítorí kì í jáde báyìí. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà obìnrin, èyí tó wá láti ìlú rẹ̀, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ ọjà.

Ìdí tí Tíṣà kì í fi í jáde ni pé ó ń ṣọ̀fọ̀. Wẹ́dà ti kú, Télọ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kọ́ ọ mọ́. Ó kú, wọ́n sì ti sin ín. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó.

Ikú rẹ̀ nìkan kọ́ ni mo ní kí Tíṣà bá mi kọ. Gbogbo wa la ti dàgbà, gbogbo wa la ó lọ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi, Wẹ́dà kò jẹun nílé mi mọ́ títí ó fi kú, èmi kò sì mọ ìdí rẹ̀ àfi nígbà tó ku ọ̀la kó lọ.

O mọ bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bí èmi àti ìyàwó mi bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Wẹ́dà àti Tíṣà á gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, wọn kì í gba iwájú bí àlejò. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, àwa náà á lọ jẹ tiwọn. Ìwọ tó jẹ́ pé bí ẹnì kan ò bá gbéyàwó tàbí kó kú, o kì í rí inú ilé ìjọsìn kankan, ilé méjèèjì lo ti ń jẹ, o sì ń mú ẹran tó tóbi jù. Bí ìyàwó mi bá ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, tí àdúrà náà wá ń gùn, Wẹ́dà á la ojú kan, á ní, "Màmá, Ọlọ́run ti gbọ́ o. Ọbẹ̀ ni kò gbọ́, ó ń tutù." Ìyàwó mi á fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. Ní oṣù ààwẹ̀ tiwọn, tí a bá lọ bá wọn ṣínu, ìyàwó mi kì í jẹ́ kí omi kan ọ̀fun mi kí wọ́n tó pe ìrun. Mo ní èmi kò gbààwẹ̀. Ó ní kí ebi pa mí díẹ̀, pé kò ní pa mí kú.

O sì mọ tábìlì wa. Èmi ni mo kàn án, igi gidi, mi ò fi pákó lásán sí i. Ọjọ́ tí mo kàn án tán, Wẹ́dà dojú rẹ̀ dé, ó fi irin mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lábẹ́, ó fi bóòtì dè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kòkòrò bá jẹ igi yín tán, ẹ ó máa jẹun lórí irin mi." Mo ní kí kòkòrò tó dé, irin rẹ̀ á ti dípẹtà. Ọ̀rọ̀ yìí la ń sọ títí, bí a bá ti jẹun yó tán. Ìwọ náà sọ nígbà kan pé igi àti irin á ṣègbé, aṣọ ni yóò kù. Gbogbo wa la fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Wàyí o, ìkòkò kan wà nílé ìdáná wa. Ìkòkò ńlá ni. Ọwọ́ rẹ̀ kan já nígbà kan, Wẹ́dà gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó jó irin mọ́ ọn. Iṣẹ́ náà lágbára, ṣùgbọ́n kò dùn ún wò, ibi tó jó náà wú bí oówo. Ìyàwó mi ní kí n kan ìṣó kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo kàn án. Ó gbé ìkòkò náà kọ́ síbẹ̀, òun nìkan, nígbà tí àwọn yòókù wà lórí pẹpẹ. Mo rò pé nítorí oówo yẹn ni, pé kò fẹ́ kó máa ha àwọn yòókù. Mi ò béèrè. Èmi kì í bi í nípa ìkòkò, òun náà kì í bi mí nípa ayùn. Bí a ṣe gbé pọ̀ nìyẹn, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn.

Ọjọ́ tí a sin ín, o wà níbẹ̀. O ò jẹun, o ní ọ̀fun rẹ dí, o wọ mọ́tò padà. Mi ò bínú sí ọ. Mo bínú sí ọ díẹ̀.

Lẹ́yìn tí o lọ, ọmọ mi obìnrin dúró tì mí. Ó gbálẹ̀, ó fọ ògiri. Ó kó gbogbo ohun ìdáná jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ìkòkò, abọ́, ife, ó rẹ gbogbo wọn pọ̀ sínú omi kan náà, ó fọ̀ wọ́n, ó sì tò wọ́n bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ wá kí mi. Ó wá ìkòkò tó máa gba oúnjẹ púpọ̀, ojú rẹ̀ lọ sórí èyí tó lóówo, ó sì se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Kò mọ nǹkan kan. Èmi tó bí i náà kò mọ nǹkan kan.

Wẹ́dà àti Tíṣà gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìkòkò wà lórí iná, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yọ lójú omi. Wọ́n kí ọmọ mi, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó tì mí. Nígbà tí oúnjẹ dé, Wẹ́dà ní inú ń run òun. Mo ní kó pẹ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi ti lọ, èmi ni mo din ẹyin fúnra mi. Ó ní inú náà kò tíì lọ. Nígbà tó yá, ó ní ààwẹ̀ lòun gbà. Ó ń wá, ó ń jókòó, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa orúnkún mi, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọjọ́ tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni ọjọ́ tó gbé omi inú ike láti ilé rẹ̀ wá, tó sì ń mu ún lórí tábìlì mi.

Mo wò ó, mo wo omi náà. Mo ní, "Wẹ́dà, ṣé omi ilé mi náà ti kú ni?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Báwo ló ṣe wá jẹ́?"

Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó kún fún àpá iná. Mo ní ó ti yé mi. Mo ní ọwọ́ ìyàwó mi ló ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, kì í ṣe tèmi, pé ìyàwó mi ti lọ, kí òun náà máa lọ. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan, Wẹ́dà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó dìde. Ó ti àga rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dàárọ̀ o." Ọ̀sán gangan sì ni.

Mo ti fèrèsé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Mò ń gbọ́ ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin, mo sì ń sọ fún ara mi pé ariwo lásán ni. Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tó yá, ariwo náà dáwọ́ dúró. Mo rò pé kò ríṣẹ́ ni. Inú mi tilẹ̀ dùn díẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Tíṣà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tíṣà gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọlé, òun nìkan. Ó ní àyà ọkọ òun kò dára, pé èéfín irin tó ti ń fà símú láti kékeré ló kó síbẹ̀, pé ọsibítù ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó ní ó ń dárúkọ tábìlì mi. Mo ní, "Ẹni tí kò lè mu omi mi, kí ló fẹ́ fi tábìlì mi ṣe?" Ojú rẹ̀ ti kúrò lára mi, ó ti lọ sórí pẹpẹ, níbi tí ìkòkò olóówo wà láàárín àwọn yòókù. Ó wo ìṣó tó ṣófo lára ògiri. Ó lọ fọwọ́ kan ibi tí ọkọ rẹ̀ jó, ó sì bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ṣé Màmá ò sọ fún yín rárá?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, Télọ̀. Ìkòkò Wẹ́dà ni. Láti ọjọ́ tó ti jó o ni ìyàwó mi ti yà á sọ́tọ̀ fún un, kò sì jẹ́ kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kan án rí. Òun nìkan ló fi ń se oúnjẹ bí wọ́n bá ń bọ̀. Abọ́ wọn wà lọ́tọ̀, ife wọn wà lọ́tọ̀, aṣọ tó fi ń nù wọ́n wà lọ́tọ̀. Wẹ́dà mọ̀, Tíṣà mọ̀. Wọ́n rò pé èmi náà mọ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, wọn kò mọ ohun tó mọ́ nílé mi mọ́, ìkòkò ni o, abọ́ ni o, ife ni o. Tíṣà fẹ́ sọ fún mi. Wẹ́dà ní rárá. Ó ní òun kò lè fi ọ̀rọ̀ ìkòkò kún ọ̀rọ̀ òkú, pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo wá lé e jáde, ó sì rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mò ń bínú sí i títí di òní olónìí. Ta ló ní kó níwà tó báyẹn? Ṣé kò lè pariwo ni? Kó ní, "Káfíńtà, ọmọ yín ti se ẹlẹ́dẹ̀ sínú ìkòkò mi," a ó jà, a ó ra òmíràn, ó parí. Mo bínú sí ìyàwó mi náà. Kò sọ fún mi nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá mọ̀, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́, màá máa pè é ní ìkòkò lèmọ́mù. Òótọ́ ni, màá pè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní kí n dín ohùn mi kù, pé ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ń wò wá.

Ó yẹ kí n bá Tíṣà lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n wá, pé ó ń sùn, ṣùgbọ́n yóò jí. Mo ní rárá. Mo ní lẹ́yìn ohun tí mo sọ sí i, mi ò lè lọ dúró níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, mo máa se oúnjẹ fún un, èmi fúnra mi, nínú ìkòkò tuntun. Mo lọ sọ́jà, mo ra ìkòkò. Mo gbé e lọ bá Tíṣà kí iná tó kàn án, kó lè rí i pé tuntun ni. Ó yí i po, ó wo inú rẹ̀, ó ní ó dára. Ó ní kí n fi ẹja se ọbẹ̀ náà, pé kò sí wàhálà kankan lórí ẹja. Pálọ̀ yìí la dúró sí. Wẹ́dà wà ní yàrá, kọ́tìnì ló wà láàárín wa. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí, bí ìgbà tí ayùn bá há sínú igi tútù. Mo lè gbé kọ́tìnì yẹn sókè. Mi ò gbé e. Mo fẹ́ gbé oúnjẹ wọlé tọ̀ ọ́ ni, bí èèyàn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dáná. O mọ̀ pé mi ò dáná rí ju kí n din ẹyin lọ. Mo se ọbẹ̀ ẹja nínú ìkòkò tuntun náà, mo bu iyọ̀ sí i, mo gbàgbé, mo tún bu iyọ̀ sí i. Mo da ìrẹsì sínú ọbẹ̀ náà, ó jóná lábẹ́. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì di ìkòkò náà, mo gbé e lé àyà, mo bọ́ sójú títì. Nígbà tí mo dé iwájú ilé wọn, bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n bàtà tó pọ̀ báyẹn láàárọ̀, mo lè kà á. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò láyà. Ó gbóná, ó ń jó mi, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé e sí. Ẹnì kan ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá.

Wọ́n sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí àwọn Mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe. Mo bá wọn lọ. Mo dúró sẹ́yìn. Wọn kò fi pósí sin ín. Èmi tó ti kan pósí fún ìdajì àdúgbò yìí, mi ò rí ohunkóhun kàn fún Wẹ́dà.

Nígbà tí a padà dé, ebi ti ń pa àwọn èèyàn, wọ́n jókòó káàkiri àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ṣí ìkòkò mi, ó ní, "Ta ló se èyí?" Wọ́n ní èmi ni. Ó ní, "Káfíńtà Onígbàgbọ́ yẹn? Ẹ bò ó, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀?" Kò rọra sọ ọ́. Gbogbo ojú wá sára mi. Mo ti fẹ́ dìde kí n gbé ìkòkò mi lọ.

Tíṣà ló jáde láti inú yàrá. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó mú abọ́, ó ṣí ìkòkò náà, ó bu ìrẹsì náà, ó jókòó sórí ẹní láàárín gbogbo wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ díẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Mo rí ìkòkò yìí kí iná tó rí i. Ọkọ mi ló ni oúnjẹ yìí. Ẹ má jẹ́ kó tutù." Ó tún bu ṣíbí kan sẹ́nu. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ pọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹlòmíràn náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ló bù ú kẹ́yìn, ó sì bu púpọ̀. Mò ń gbọ́ ṣíbí tó ń ha ìdí ìkòkò, níbi tó ti jóná. Èmi kò lè gbé ohunkóhun mì. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ohun tí o sọ nípa ọ̀fun rẹ, mo sì jáwọ́ nínú bíbínú sí ọ.

Tíṣà kò ní jáde títí ìgbà ọ̀fọ̀ rẹ̀ yóò fi parí, kò sì lè wá jẹun lọ́dọ̀ mi. Mo wá ronú pé kí tábìlì lọ bá a. Ẹnu ọ̀nà wọn kéré, kò lè gbà á, ó di dandan kí n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ dé nílẹ̀. Ni mo bá rí irin Wẹ́dà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú bóòtì tó fi dè é. Mi ò ní sípánà tó tóbi tó o. Mo ní láti lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí n mú sípánà tirẹ̀ níbi tó máa ń gbé e kọ́ sí, kí n fi tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé màá bá a jà, pé bóòtì á ti há. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ló yí. Irin náà kò dípẹtà, Télọ̀. Mo wá ìpẹtà kiri lára rẹ̀, mi ò rí i. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé mi, mo sunkún tí mi ò sun nígbà tí ìyàwó mi kú. Tíṣà ti dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Mo ní kó kọ ọ́.

Tábìlì náà ti wà ní pálọ̀ wọn báyìí, òun la fi ń kọ ìwé yìí. Ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ Jímọ̀ là ń jẹ lórí rẹ̀. Èmi ń gbàdúrà tèmi, wọ́n ń gba tiwọn, kò sẹ́ni tó ń la ojú kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà ní tábìlì ń mì. Mo ní ilẹ̀ wọn ni kò tẹ́jú.

Wá kí wa. Má gbé nǹkan dání, má sì jẹun lọ́nà. Àga márààrún ni mo kó wá. Ti ìyàwó mi àti ti Wẹ́dà, a ti tì wọ́n wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà fẹ́ jókòó lórí tìrẹ, mo ní rárá, pé ó ní ẹni tó ni ín. A fa tìrẹ jáde díẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o kí àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ yẹn pé kó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀. Tíṣà kí ọ. Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà náà kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ọ́.

Èmi náà ni, tí kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn lókè eèpẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ,

Káfíńtà
(Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí.)